Àǹtí Ẹ-Rẹ́rìn-ín-Tán àti Wákàtí Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé àwàdà ni mo jókòó tì nítorí pé aláwàdà lẹ mọ̀ mí sí.

Ìyàwó ọmọ mi ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ ni. Àwọn ọmọ tí ohùn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí, tí irorẹ́ ń yọ sí níwájú orí, ló ń kọ́. Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ara àti Ìwà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀: bí ara ṣe ń dàgbà, bí èèyàn ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí èèyàn ṣe ń sọ pé "mi ò fẹ́" tí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu á sì gbọ́. Wákàtí kan péré ni wọ́n fún un lọ́sẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá kan tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ilẹ̀kùn yàrá náà kì í ṣí àfi téèyàn bá fi èjìká tì í. Fáànù ibẹ̀ máa ń mi orí bíi ti àgbàlagbà tí kò gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́.

Àǹtí Ẹ-Rẹ́rìn-ín-Tán ni àwọn ọmọ ń pè é. Ohun tó fà á rèé.

Lọ́dún tó kọ́kọ́ débẹ̀, nǹkan oṣù bá ọmọbìnrin kan lójijì nínú kíláàsì. Aago lù, gbogbo wọn dìde, ọmọ yẹn ò dìde. Nígbà tó wá dìde, àwọn kan rí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn sin ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, kò padà sí ilé ìwé yẹn mọ́.

Ìyàwó mi (èmi ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ò sì lè fi mí ṣe nǹkan kan) sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lẹ́yìn náà ló wá ronú pé ẹ̀rín yẹn gan-an lòun á kọ́kọ́ mú. Bó ṣe ń ṣe é nìyí: á kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù gàdàgbà sójú pátákó. Á fi ẹfun sílẹ̀, á ká ọwọ́ gbera, á ní, "Ó yá, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tán. Tí ó bá tán, ẹ sọ fún mi."

Ṣé ẹ mọ irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín? Wọ́n á lu tábìlì, wọ́n á yí lulẹ̀. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín débi pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ já, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó sì ba ẹyẹ kan lórí igi. Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ mo mọ ọmọ náà, mo sì mọ bí ẹ̀wù rẹ̀ ṣe há tó. Ṣùgbọ́n ta ló lè máa rẹ́rìn-ín lọ nígbà tí wọ́n ti pa á láṣẹ fún un? Kò ní pẹ́ tó máa gbẹ lẹ́nu wọn. "Ó tán?" "Ó tán, Àǹtí." "Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú mi." Wọ́n á sì sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń sọ pé tábìlì tàbí omi. Ìgbà yẹn gan-an ni ìbéèrè á tó bẹ̀rẹ̀, ojúlówó ìbéèrè, èyí tí wọn ò lè bi ẹnikẹ́ni nílé.

Lọ́jọ́ kan, àárín ẹ̀rín yẹn gan-an ni ọ̀gá ilé ìwé bá wọn. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń rìn bíi pé ẹnì kan ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó ń mú alága ẹgbẹ́ òbí, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan, yí ká ọgbà. Wọ́n fi èjìká ti ilẹ̀kùn, wọ́n bọ́ sínú ariwo. NǸKAN OṢÙ ló wà lójú pátákó. Ọmọ kan wà lábẹ́ àga, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àǹtí, kí ni gbogbo èyí?"

"Ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀, Ọ̀gá. Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán ni."

Òótọ́ ló sọ, ìdáhùn tó sì burú jù lọ láyé nìyẹn. Alága fi ọwọ́ bojú, àmọ́ ó fi àlàfo sáàárín ìka rẹ̀ kó lè máa rí pátákó. Ọ̀gá yọ áńkáṣíìfù funfun rẹ̀, ó sì fi nu ọ̀rọ̀ náà kúrò fúnra rẹ̀.

"Irú ìsọkúsọ wo nìyí níwájú ọmọ olọ́mọ? Ẹ wá ń fi ṣe eré!"

Kò jókòó. Kò bi ọmọ kan ṣoṣo léèrè. Ká ní ó ní sùúrù díẹ̀ sí i ni, ẹ̀rín náà ì bá tán lójú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti gbé gbogbo wákàtí Ìmọ̀ Ara fún olùkọ́ Ìṣirò, ó ní ó di ìgbà tí àwọn òbí bá ṣèpàdé kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà á tún wà. Ẹ tún gbọ́: ó ní kí ìyàwó mi máa lo àkókò náà láti ṣọ́ àwọn àga tó kán! Olùkọ́ tó kàwé, ó ní kó máa ṣọ́ àga. Ṣé àga fẹ́ sá lọ ni?

Ìyàwó mi ń lọ aṣọ nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi nílé. Áyọ́ọ̀nù yẹn ń kọjá lórí ibì kan náà, aṣọ ti ń rùn.

"Jẹ́ kí n lọ bá ọ̀gbẹ́ni yẹn."

"Bàbá, ẹ má lọ. Ẹ máa bá a jà."

"Èmi? Mo kàn fẹ́ lọ kí i ni."

"Ọ̀pá lẹ máa fi kí i."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ tún yí padà. "Tèmi kọ́ ló ń dùn mí, Bàbá. Ọmọ míì máa jókòó sórí àga yẹn, kò ní lè dìde. Ta ló máa ti bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé?"

Mo gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀ kí aṣọ má baà jó.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé kò, ọmọ mi ò sí nílé, awakọ̀ ẹrù ni. Èmi ni mo lọ jókòó fún ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó wà ní ilé ìwé náà. Ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi kí n má lanu. Àwọn òbí kún gbọ̀ngàn, wọ́n ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Ọ̀gá rojọ́ títí, ó ń pe ẹ̀kọ́ náà ní "ohun tí ẹnu mi ò lè sọ." Alága ní òun fojú òun rí i. Mo pòṣé, ìyàwó mi sì wò mí.

Ìyá kan tó jẹ́ télọ̀ ló dìde. "Ẹ kàn ń sọ pé ohun tí ẹnu ò lè sọ. Kí Àǹtí ṣe é níwájú wa ká rí i."

"Àní kó ṣe é!" làwọn míì ń wí. Wọ́n rò pé ìtìjú máa gbé e mì ni.

Ìyàwó mi mú ẹfun. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà. Ó ká ọwọ́ gbera. "Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tán."

Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n ní kí n má lanu lóòótọ́, wọn ò ní kí n má rẹ́rìn-ín, ni mo bá tú u sílẹ̀. Télọ̀ gbè é, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbè é, kó tó pẹ́, gbọ̀ngàn ń mì. Alága ń fi fìlà nu omi ojú. Ìyàwó mi ò mira. Ó dúró títí ẹ̀rín fi gbẹ, tó wá ku ikọ́ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

"Ó tán? Ta ló ní ìbéèrè?"

Wẹ́dà kan ló dìde, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá iná. "Àǹtí, ìyá ọmọ mi ti kú. Ọmọ náà ń dàgbà. Tí nǹkan yìí bá dé lọ́jọ́ kan tó jẹ́ èmi nìkan ló wà nílé, kí ni kí n sọ fún un? Kí ni kí n rà?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi dá a lóhùn kúlẹ̀kúlẹ̀, bó ṣe máa kọ́kọ́ fi ọmọ náà lọ́kàn balẹ̀ pé kì í ṣe àìsàn, ohun tó máa rà àti bí ọmọ náà ṣe máa lò ó. Ọkùnrin yẹn ń mi orí bí ẹni tó ń kọ́ àdúrà. Ni ìbéèrè bá ya dé láti ibi gbogbo. Ọ̀gá ń lu aago kí wọ́n tú ká, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ẹ lè máa rò pé ó parí síbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Alága dìde, ó tún fìlà dé.

"Ẹ̀kọ́ yìí dára gan-an ni. Ó dára ju ohun tó yẹ kí wọ́n máa fún ọmọdé lọ. Kí Àǹtí máa kọ́ àwa àgbà láàárọ̀ Sátidé, kí àwọn ọmọ máa bá Ìṣirò wọn lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́! Ojú mi ranko.

"Ṣé ẹ̀yin ni irorẹ́ ń yọ sí lójú ni?" ni mo pariwo. "Alága, orí yín tí irun ti fi sílẹ̀ lọ yẹn, kí ló tún fẹ́ hù níbẹ̀?"

"Bàbá, ẹ jókòó."

Ohùn ìyàwó mi nìyẹn. Ó wá kọjú sí wọn, ó ní, "Mo gbà." Mo yára rìn ṣáájú rẹ̀ títí a fi délé.

Láàárọ̀ Sátidé, mo tètè débẹ̀ láti rí àbùkù náà pẹ̀lú ojú ara mi. Mo bá ìyàwó mi níwájú ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ dí i. Alága ló wà níwájú pẹ̀lú ìwé tuntun lábíyá.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọmọ dà?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ yín. Ẹni tí kò bá mú ọmọ rẹ̀ dání ò ní wọlé."

"Àwa àgbà la fẹnu kò sí!"

"Ẹ̀yin lẹ fẹnu kò. Èmi ni mò ń kọ́ ẹ̀kọ́."

Wẹ́dà dé, ó di ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́, wọ́n wọlé. Télọ̀ dé pẹ̀lú ìbejì rẹ̀, wọ́n wọlé. Ọ̀gá dé lóun nìkan, ó sì gba ìdáhùn kan náà. Mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́ ni èmi náà gbọ́, "Bàbá, tiyín dà?" Èmi! Bàbá ọkọ rẹ̀! Mo padà sílé lọ fa ọmọ-ọmọ mi jáde lórí ibùsùn.

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ojú á tì mí pa."

"Á tì wá pa pọ̀ ni. Wọ bàtà."

Bó ṣe di pé àwọn ọmọ ń gba ẹ̀kọ́ wọn padà nìyẹn, pẹ̀lú òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn òbí. Àárọ̀ Sátidé ni ọjà sìmẹ́ǹtì máa ń yá jù. Àwọn oníbàárà télọ̀ ń dúró lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ sì ti ń bi wọ́n ní ìbéèrè nílé tó ju ẹ̀mí wọn lọ. Alága fúnra rẹ̀ ló kó wọn lọ bá Ọ̀gá: "Ẹ gbé nǹkan yìí padà sáàárín ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọjà wa ń bàjẹ́."

Ọjà wọn! Ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ò dùn wọ́n, obìnrin tí wọ́n fi ṣọ́ àga ò dùn wọ́n. Ọ̀gá kéde rẹ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé pé òun ti ronú kan ètò tuntun. Òun! Kò tọrọ àforíjì. Tí mo bá pàdé rẹ̀ lójú pópó, bàtà rẹ̀ ni mò ń wò títí á fi kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wákàtí náà padà sọ́wọ́ ìyàwó mi, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé.

"O ò ní lọ. Kí Ọ̀gá kọ́kọ́ wá bẹ̀ ọ́ níwájú gbogbo wọn ná."

Ó ń wá ẹfun nínú àpò rẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ yà fún mi. Àwọn ọmọ á ti jókòó."