Ọjọ́ Tí A Kò Wọ Ọkọ̀ Lórí Adágún

Òtútù omi adágún yẹn ni ó máa ń kọ́kọ́ padà sí mi lọ́kàn, pàápàá ní irú ọ̀sán báyìí tí oòrùn Sókótó mú gan-an, tí páànù orí ilé wa ní àdúgbò Gagi sì ń dún kọ́kọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ki ọwọ́ bọ inú omi náà, láti ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán, ṣùgbọ́n títí di òní ni ọwọ́ mi ń rántí rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni adágún náà wà, láàárín àwọn òkè tí koríko bò láti ìsàlẹ̀ dé orí, tí àwọn àgùntàn ń jẹ̀ káàkiri lórí wọn láìsí darandaran kankan lẹ́yìn wọn. Mo rò nígbà náà pé ṣe ni wọ́n sọnù, àánú ẹni tó ni wọ́n sì ṣe mí.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe dé ibẹ̀. Kofar Marke, ní Sókótó níbí, ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí Haúsá rẹ̀ já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ, ti ń ṣe búrẹ́dì títí di ìsinsìnyí. Ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ rìnrìn àjò. Wọ́n rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìlú kékeré kan níhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì ṣe, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún gbogbo kíláàsì wa pé mo ń lọ sí ibi tí ènìyàn kì í ti í ṣiṣẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí léèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Àárẹ̀ gan-an ni mo bá níbẹ̀. Ìyá mi a máa gbé àwọn arúgbó dìde, wọn a wẹ̀ fún wọn, wọn a fi ṣíbí bọ́ wọn, bí wọ́n bá sì délé, wọn a jókòó sórí àga pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, oorun a sì gbé wọn lọ kí tíì wọn tó tutù. Mo kọ́ bí a ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń sùn láìjí i. Nígbà tí ìsinmi gígùn ilé ìwé ń sún mọ́lé, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú ilé ìdáná. “Ọmọ yìí ń dá wà jù,” ni wọ́n wí. “Bóyá kí n dá a padà sí Sókótó, bóyá kí n ṣì mú un mọ́ra. Mi ò tíì mọ̀.”

Mo pinnu pé èmi ni yóò bá wọn mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà mi, tí wọ́n tọ́ mi kí n tó lọ, fẹ́ràn láti máa sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Mo rò ó títí, mo sì gbà pé bí ìyá mi bá fi ojú ara wọn rí i pé mo wúlò, wọn kò ní lè rán mi lọ.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ilé ìtọ́jú náà ń kó àwọn arúgbó lọ gba atẹ́gùn létí adágún, wọ́n sì gba àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti mú ọmọ wọn dání. Ìyá mi ti ṣèlérí pé a ó jọ wọ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọkọ̀ náà lá àlá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn, mo fi àlá náà sílẹ̀ nílé. Bí a ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo kúnlẹ̀ kí màmá arúgbó kan tí ìyá mi ń tọ́jú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Kíá ni àwọn òṣìṣẹ́ méjì sáré dé, wọ́n fà mí dìde, wọ́n ń yẹ orúnkún mi wò bóyá mo ti ṣubú. Màmá náà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. “Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti ní òun fẹ́ fẹ́ mi,” ni ó wí, “kò tún sí ẹni tó kúnlẹ̀ fún mi mọ́.”

Láti ìgbà náà ni mo ti gba àga onítáyà màmá yìí lọ́wọ́ ìyá mi. Níbi tí a ti tọ́ mi, ọmọ kì í ṣánwọ́ kí àgbà máa ṣe wàhálà níṣojú rẹ̀. Ọ̀nà tó yí adágún náà ká kún fún òkúta wẹ́wẹ́, àga náà sì wúwo ju àpò fúláwà bàbá mi lọ, síbẹ̀ mo ń tì í. Àwọn ènìyàn ń gun òkè pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, láìsí ohun tí wọ́n ń lọ mú wá níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù náà, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ yòókù ń ju búrẹ́dì sí àwọn pẹ́pẹ́yẹ, èyí tó dun èmi ọmọ oníbúrẹ́dì wọra. Mo pín oúnjẹ, mo bu tíì, mo ká àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo tún padà sídìí àga.

“Lọ ṣeré,” ni ìyá mi wí. “Ṣé o ò rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ ni?”

“Kò rẹ̀ mí, Màámi.”

“Mi ò bi ẹ́ bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Eré ni mo ní kó o lọ ṣe.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti Màmá dé ìdí igi yẹn.”

Màmá arúgbó náà béèrè ohun tí a ń sọ, ìyá mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. “Ó jọ ọ́,” ni ó dá ìyá mi lóhùn. “Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ bí a ṣe ń jókòó.” Mo kà á sí ìyìn, mo tún gbé orí sókè sí i. N kò kíyè sí i pé ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọlọ́kọ̀ ké pe àwọn tí yóò wọ ọkọ̀ ìkẹyìn, ìyá mi na ọwọ́ sí mi. Mo ní, “Ẹ jókòó kí ẹ sinmi, Màámi. Ọkọ̀ ò pọn dandan.” Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ tí oorun gbé wọn lọ. Mo dúró tì wọ́n, mo di àga màmá mú, mo ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, mo sì dá ara mi lójú pé mo ti borí.

Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí a ń padà lọ, ìyá mi gba ọwọ́ mi, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi wò. Ó ti lé ròrò.

“Ta ló ní kó o máa ṣe báyìí?”

“Kò sí ẹnì kankan, Mà. Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé mo lè ràn yín lọ́wọ́ ni. Kí ẹ má bàa dá mi padà.”

“Haba,” ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́. “Mo rí i. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rí i. Àárẹ̀ tèmi ni mo rí lára ẹ. Èmi ni mo wá ṣiṣẹ́ níbí, kì í ṣe ìwọ. Ọmọ tí a mú dé etí irú omi yẹn tí kò lè ṣeré, ilé ló yẹ kó wà.”

Bí iṣẹ́ tí mo ṣe nítorí kí n lè dúró ṣe gbé mi padà sílé nìyẹn. Kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lórí igi wọn, mo ti wà ní Sókótó. Nígbà tí mo rò ó fún ìyá àgbà mi, wọ́n mi orí. “Òwe kan ṣoṣo lo mú dání lọ,” ni wọ́n wí. “Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé.” N kò ṣípá lọ́jọ́ yẹn. Àga ni mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé ìwé girama báyìí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ìyá mi máa ń fi fóònù pè mí tí a ó fi máa rí ojú ara wa. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó béèrè ẹ̀kọ́ mi tàbí bàbá mi: “Ṣé o ṣeré lọ́sẹ̀ yìí?” Mo máa ń dáhùn pé mo ṣe é. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ sí etí odò, níbi tí omi ti fà sẹ́yìn tí wọ́n gbin àlùbọ́sà sí, a ó sì jókòó láìṣe nǹkan kan.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n tún bi mí. Mo ń dáhùn lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i pé ojú wọn ti pa dé, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ọ̀nà jìn, n kò lè bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn. Bàbá mi ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà pé mai ruwa tó ń ta omi fún wa ti ti ọmọlanke rẹ̀ dé, kí n wá bá àwọn gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé. Mo dá wọn lóhùn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ní sùúrù fún mi díẹ̀, mo jókòó ti Màámi ni.