Ẹni Tó Ń Jẹ Iná Ẹyin Wa

Lẹ́yìn tí àrùn lùkúlùkú pa gbogbo adìẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹyin tí wọ́n yé gbẹ̀yìn nìkan ló kù. Ó kó wọn sínú àpótí onígílóòbù, ó gbé e wá sí yàrá mi nítorí pé èmi ni mo ní pánò tó ń gba iná oòrùn àti bátìrì. Ooru gílóòbù yẹn ló ń sàba lé wọn. Bó bá kú pẹ́, ẹyin á bàjẹ́, ọ̀sìn adìẹ rẹ̀ sì parí nìyẹn.

Àkókò òjò ni, ojú ọ̀run sì ti ṣú lórí Adja-Ouèrè láti àárọ̀. Ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà wà ní ìsinmi, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń tẹ iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Kò tíì di ọ̀sán tí gílóòbù ti ń ṣẹ́jú. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo jáde lọ nu pánò, mo wọlé, mo tún jáde. Mo bú òjò, mo bú ẹni tó ta bátìrì fún mi ní Ikpinlè.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi aṣọ bo àpótí. Ó ní, "Àbúrò, kí ni kọ̀ǹpútà rẹ ń ṣe tó ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ìwé ni mò ń tẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó gbóná bí ìdí ìkòkò. Ìwé títẹ̀ kì í mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ṣí sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe pa èyí tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́, tí mo fi sílẹ̀ láti àná, fáànù inú kọ̀ǹpútà dákẹ́. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Mo fóònù ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe. Ó ní, "Wọ́n fi iṣẹ́ pamọ́ sẹ́yìn ojú ìwé yẹn ni. Bí o bá ti ṣí i, kọ̀ǹpútà rẹ á máa ṣírò fún wọn, àwọn á máa fi rí owó tí wọ́n ń ná lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iná tìrẹ ni wọ́n ń lò." Ó júwe nǹkan kan tí mo máa fi sínú nafigatẹ́ẹ̀, èyí tí mo fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, kó lè máa dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Mo fi sí i. Inú bí mi gan-an.

Nírọ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù tí mo ti ń retí bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé náà ní kí n kọ́kọ́ yọ nǹkan yẹn kúrò kí n tó lè wò ó. Ó wù mí láti wò ó, n kò purọ́. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń fẹ́ èémí gbígbóná sí ẹyin, mo sì pa kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ọjọ́ pípa pé, díẹ̀ péré ló pa nínú àwọn ẹyin náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé èyí tó kù sétí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mì wọ́n, omi ń ró nínú wọn, wọ́n ti bàjẹ́. Ó kó wọn sínú igbá, ó gbé igbá náà lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí o bá rí ẹni tó ń jẹ iná wa, kó wọn fún un. Tirẹ̀ ni."