Páàdì Aláriwo Bàbá Búrẹ́dì

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà ni Bàbá Búrẹ́dì jẹ ìyàwó rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri bí ẹni tó ń ròyìn oyè tí wọ́n fi í jẹ. Owó ìfẹ̀yìntì ìyàwó ni. Agbẹ̀bí ni obìnrin náà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì yá ọkọ rẹ̀ lówó láti fi tún ààrò búrẹ́dì mọ nígbà tí ti àtijọ́ là sí méjì. Wọ́n tún ààrò mọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ààrò kì í wọ táyà, kì í sì í mu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ìyàwó ṣírò owó bíríkì pọ̀ mọ́ owó bíríkìlà, ó rí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta owó òun ti gba abẹ́ mọ́tò kékeré pupa tó wà lẹ́yìn ilé lọ.

Ìjókòó méjì péré ni mọ́tò náà ní. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku. Ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́ ní láti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i. Àlòkù ni Bàbá Búrẹ́dì rà á, lọ́dún tí àbíkẹ́yìn wọn kúrò nílé. Kì í fi ra yẹ̀fun, kì í fi gbé búrẹ́dì. Pápá ìdíje ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú ló ń gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà kí wọ́n lè ṣe bí ọmọdé.

"Bàbá wa," ni ìyàwó wí lọ́jọ́ tó ṣírò tán, "mi ò bá yín jà. Ẹ san owó mi tán, kẹ́ ẹ sáré dé ibi tí ayé parí sí. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò yẹn bá tún fi táyà kan pápá kí n tó gba owó mi, àbúrò mi ni n ó fi lé lọ́wọ́, kó wá bá mi san gbèsè yín."

Ìwé mọ́tò wà nínú àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Àbúrò tó wí yìí, akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ ni. Kò sí ọjọ́ tó wá kí wọn tí kì í kọ́kọ́ yà lọ sẹ́yìn ilé lọ fọwọ́ pa mọ́tò náà lórí, bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Bàbá Búrẹ́dì gbà. Tinútinú ló fi gbà. Nígbà tó fi máa di Sátidé kejì, ó ti gbàgbé inú wo ló fi gbà á.

"Mò ń lọ rí oníyẹ̀fun," ló wí fún ìyàwó rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, ó wọ mọ́tò. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí yẹ̀fun kì í wọ́n, kò sì sí Sátidé tí kò yẹ kí wọ́n lọ bá oníyẹ̀fun dúnàádúrà.

Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí di ọjọ́ tí bíréèkì já a kulẹ̀. Kọ́nà kan wà ní pápá náà tó ká bí ìgbọ̀nwọ́. Bàbá sáré dé ibẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì wọlé bí ẹni tẹ ìyẹ̀fun tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òórùn búrẹ́dì tó jóná gba imú rẹ̀. Ó mọ òórùn náà dáadáa. Ohun tó dà á láàmú ni pé kò gbé búrẹ́dì kankan. Mọ́tò kọ ọ̀nà sílẹ̀, ó wọ inú yanrìn, ó dúró síbẹ̀. Kò sóhun tó ṣe é, àfi yanrìn tó kún bàtà rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá ní kí wọ́n ta mọ́tò náà. Bàbá Búrẹ́dì ní kí wọ́n ra bíréèkì.

Ṣọ́ọ̀bù obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sípéà kò fẹ̀ ju yàrá ìdáná lọ. Páàdì bíréèkì, bẹ́líìtì àti fílítà gun ara wọn lórí dé òkè àjà, òun náà sì jókòó sáàárín wọn bí ọba.

"Ìyá Sípéà, ẹ kú ọjà o. Dísìkì bíréèkì ńlá onííhò yẹn, èló ni?"

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Èmi ni."

"Fún mọ́tò yín kékeré yẹn? Fìlà erin lẹ fẹ́ dé fún ewúrẹ́? Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì kẹ́yìn?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà.

"Mo bi yín léèrè, ẹ ń ka fílítà."

"Ẹni tó tà á fún mi ló lè mọ̀."

Ìyá Sípéà pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ṣì wà láyé. Ọ́ìlì tó bá ti pẹ́ máa ń fa omi mọ́ra. Tó bá gbóná, omi á hó, afẹ́fẹ́ lẹ ó wá máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ́ìlì tuntun tó ń fara da iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Owó rẹ̀ ò tó owó àpò yẹ̀fun kan. Lẹ́yìn ìyẹn, rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sídìí táyà. Tiyín á ti rọ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n hun irin mọ́ lára. Ìgbà yẹn la tó máa sọ ti páàdì. Dísìkì onííhò, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí kò jẹ ìyàwó wọn lówó."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ó to páàdì mẹ́ta sórí tábìlì. "Èyí àkọ́kọ́, jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, kì í da eruku dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ sáré yípo pápá lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìkẹta yìí, àwọn tó ń sáré jẹun ló ni ín. Bí kò bá tíì gbóná bí ààrò yín, kò ní di nǹkan kan mú. Ilé yín gan-an lẹ ó ti lọ forí sọ ògiri. Àárín yìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní tútù, ó ń ṣiṣẹ́ ní gbígbóná. Àléébù kan ṣoṣo ló ní."

"Kí ni?"

"Ó ń ké."

"Ó ń ké báwo?"

"Ẹ rà á ná."

Bàbá Búrẹ́dì já owó náà títí ẹnu fi gbẹ ẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì, ìyẹn èrè búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó san án, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé owó ìtọ́jú kì í ṣe owó ìnákúnàá.

Ní pápá, kò kábàámọ̀. Ó tẹ bíréèkì níbi kọ́nà ìgbọ̀nwọ́, mọ́tò sì dúró bí ẹni tí ìyá rẹ̀ pè. Ó yípo títí ọrùn fi ń ro ó, ẹsẹ̀ bíréèkì kò rọ̀.

Ojú títì ni wàhálà wà. Ìyá Sípéà kò parọ́. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá rọra tẹ bíréèkì láàárín ìgboro, mọ́tò á figbe ta bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ki bọ àpò. Ó ń ké ní ìkóríta, ó ń ké níbi kòtò, ó ń ké lẹ́nu géètì ilé.

"Bàbá Búrẹ́dì!" ni télọ̀ ìkóríta ń pariwo láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè pa á, ká pín in!"

Nílé, bàbá ti pèsè àwáwí sílẹ̀. "Eruku ló wọ bíréèkì."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ìyàwó wí. "Eruku ọ̀dọ̀ oníyẹ̀fun mà pọ̀ o."

Nǹkan kan tilẹ̀ ń ya bàbá lẹ́nu láti ìgbà náà. Bó tètè dé, bó pẹ́ dé, oúnjẹ rẹ̀ ọjọ́ Sátidé ń gbóná fẹlifẹli lórí tábìlì. Kò pàdánù ooru rẹ̀ rí. Ó rò pé ìfẹ́ ni. Ó tiẹ̀ fi yangàn fún télọ̀ pé obìnrin tí inú rẹ̀ bá mọ́ máa ń mọ̀ lọ́kàn bí ọkọ rẹ̀ bá ń bọ̀.

Àfìgbà tí àbúrò ìyàwó wá kí wọn, tó fọwọ́ pa mọ́tò lórí tán, tó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mọ́tò àwọn eléré pápá ló ń ké." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá kò sùn dáadáa.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ bá mi mú páàdì jẹ́jẹ́ yẹn."

"Ẹ ti ra aláriwo, ẹ tún wá ra adákẹ́," ni Ìyá Sípéà wí. "Ta lẹ ń sá fún?"

"Nítorí àwọn aládùúgbò ni."

"Aládùúgbò tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín?"

"Ẹ dín owó rẹ̀ kù fún mi."

"Owó ìbẹ̀rù kì í ní ẹ̀dínwó. Ẹgbẹ̀rún méjìlá."

Ní Sátidé, lẹ́yìn tó ti sáré tán, Bàbá Búrẹ́dì gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò níbi igun pápá, ó tú aláriwo kúrò, ó fi adákẹ́ rọ́pò rẹ̀. Bíréèkì gbígbóná jó o níka méjì, orúnkún rẹ̀ ń dún ju páàdì lọ, ó fi ọṣẹ àti yanrìn bó ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló wọ́ wálé wẹ́rẹ́. Ó kọjá níwájú télọ̀, télọ̀ kò gbójú sókè. Ó wọ géètì bí òjìji. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fi ètè kọrin láìjẹ́ kó jáde.

Ó ṣí àwo tó wà lórí tábìlì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ṣí ìkòkò. Epo ti dì lójú ọbẹ̀.

"Ìyá wa, oúnjẹ tutù lónìí."

Ìyàwó gbójú kúrò lára aṣọ tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣẹ́. "Háà! Ẹ ti dé? Mi ò mà gbọ́ yín."

"O ò gbọ́ mi báwo?"

"Tẹ́ ẹ bá ké ní ìdí télọ̀, mo máa ń tanná sítóòfù. Tẹ́ ẹ bá ké níbi kòtò, mo máa ń ro ọbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi máa ké lẹ́nu géètì, mo ti bù ú. Ọjọ́ ayé mi ni mo fi gbẹ̀bí, Bàbá wa. Ẹni tó bá ń ké, mo mọ ìgbà tó kù kó tó dé."

Bàbá Búrẹ́dì wá àga, ó jókòó. Gbogbo ìfẹ́ tó ti ń fi yangàn, páàdì ni.

"Oníyẹ̀fun ló—"

"Oníyẹ̀fun wá síbí lóṣù tó kọjá. Ó ní ṣé ara yín le, pé ojú yín ti wọ́n."

Ìyàwó gbé fóònù. Kí aago ọwọ́ bàbá tó yí díẹ̀, àbúrò ti dé, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí fún un, "kí o sì máa gbé e lọ." Ìyàwó ti gbé ìwé mọ́tò sórí itan.

Bàbá mọ̀ pé irọ́ kò lè gba òun mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí kò tíì gbìyànjú wò ni òótọ́.

"Mọ́tò dáadáa ni," ló bẹ̀rẹ̀, "n kò ní tàn ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kí o máa pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì. Páàdì, bí o bá sáré bí àgbàlagbà, ó lè lo oṣù mẹ́rin. Bí o bá sáré bí ìwọ, oṣù méjì. Páàdì máa ń jẹ dísìkì, nítorí náà o ó ra dísìkì. Táyà pápá kì í ṣe táyà títì. Mẹ́rin ni, wọn kì í tà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí o má jẹ́ kó pọ́n dúdú. Owó ẹnubodè pápá. Owó ẹni tó máa wọ́ ọ kúrò nínú yanrìn. Owó òróró orúnkún." Ó ń dárúkọ iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ. Kò purọ́ ẹyọ kan. Kò tíì sọ òótọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láàárín ọjọ́ kan.

Ojú àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Akọ̀wé báńkì ni, ìṣirò kò ṣàjèjì sí i. Nígbà tí wọ́n dé orí òróró orúnkún, ó ti dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ìyàwó mi sọ ọ́."

Ó gba ẹ̀yìn ilé kọjá, kò fọwọ́ kan mọ́tò.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín lọ ní tirẹ̀, àfi bó ṣe rí i pé ẹ̀rín ti tán lẹ́nu obìnrin náà, tó sì ń fi ìka ṣírò.

"Bàbá wa, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, èwo lẹ ti rà níbẹ̀?"

Ó ti fẹnu ara rẹ̀ ṣí àpò ara rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ ọ́ìlì, ó jẹ́wọ́ rọ́bà onírin, ó jẹ́wọ́ páàdì aláriwo àti páàdì adákẹ́.

"Ó dáa," ni ìyàwó wí. "Ọ́ìlì àti rọ́bà àti aláriwo, mo fi jì yín; àwọn ló ń dá yín padà wálé. Adákẹ́ nìkan ni mi ò lè gbà. Ẹgbẹ̀rún méjìlá lẹ fi ra ìdákẹ́jẹ́ láti fi tàn mí. Ẹ fi kún gbèsè. Láti òní lọ, ẹ ó kó owó fún mi ní àárọ̀ Sátidé kẹ́ ẹ tó kúnlẹ̀ fún mọ́tò. Kẹ́ ẹ sì dá aláriwo padà sídìí táyà. Mi ò lè máa dá Ifá kí n tó dáná."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Búrẹ́dì ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó dágbére ibi tó ń lọ gan-an, ó lọ sáré. Nígbà tó ń bọ̀, ìkóríta ṣófo, kò sí ẹnì kan tó fẹ́ sọdá. Ó tẹ bíréèkì. Télọ̀ bú u. Ó tún tẹ̀ ẹ́ níbi kòtò, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu géètì, lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ebi ń pa á gan-an.

Gbèsè ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé méje. Ọbẹ̀ ti ń hó.