Bàbá Àlàdé, Ilẹ̀ Ìjàkadì Yín Kò Ní Í Di Oko Òwú

Ó dìgbà o, Bàbá Àlàdé, ọkùnrin tí ilẹ̀ kì í mọ́ bá lórí ẹní! Lónìí ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, ó bá yín ní ìdùbúlẹ̀, ẹ kò sì dìde. Àkànjí, a-gbé-ni-ṣánlẹ̀-tún-gbé-ni-dìde! Ta ni yóò gbé àwa dìde báyìí?

Ẹkún kọ́ ni mo wá sun. Mo ti sun ún tán ní ọjọ́ tí ẹ kú. Ìbínú ni mo gbé wá síbi òkú yín, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí bí mo bá ní kí n fi ẹnu lásán sọ ọ́, àwọn àgbà kan yóò já lu ọ̀rọ̀ mi, wọn yóò ní, “Ọmọdé yìí, jókòó.” Ìwé kì í jókòó. Olùkọ́ wa ní ilé-ìwé ìjọ, tó kọ́ mi ní ábídí, ka ìwé náà lánàá, ó ní kí n yọ àwọn ibì kan kúrò. Mo ní mo gbọ́. N kò yọ wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, láti Akínyẹlé títí dé ìhà Lágelú, ó lè jẹ́ pé oúnjẹ òkú lẹ bá wá, tí ẹ kò mọ ẹni tí a ń sin. Bàbá Àlàdé ló kọ́ gbogbo àwa ọ̀dọ́ agbègbè yìí ní ìjàkadì. Wọn kò joyè. Wọn kò gun ẹṣin. Wọn kò kó ẹrú. Ogun ló lé wọn kúrò ní ìlú wọn lókè Ọ̀yọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́, wọ́n sì dé abúlé wa yìí pẹ̀lú aṣọ ìbora kan àti ọwọ́ wọn méjèèjì. Ọwọ́ méjèèjì náà ni wọ́n fi ṣe wá lóore títí wọ́n fi kú.

Bàbá, kí àkùkọ tó kọ ni ẹ ó ti wà lórí ilẹ̀ ìjàkadì, tí ẹ ń gbá a. Ẹ ó ṣa òkúta, ẹ ó ṣa ẹ̀gún, ẹ ó bu iyanrìn odò sí ibi tó bá ti le. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kọjú sí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gé, tí ẹ gbé dúró síbẹ̀. Ẹ ó dì í mú, ẹ ó gbé e ṣánlẹ̀, ẹ ó gbé e dìde, ẹ ó tún gbé e ṣánlẹ̀, títí òógùn yóò fi máa kán ní irùngbọ̀n yín. Àwọn ìyàwó ilé sọ fún wa pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó yín, ìyàwó jí, kò bá yín nínú yàrá. Ó sunkún jáde, ó ní ọkọ òun ti sá lọ. Wọ́n ní, “Nu ojú rẹ, arẹwà. Lọ wo orí iyanrìn. Òun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jọ ń jà.”

Ìgbà tí orúnkún yín bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ fi òrí pa á, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ tún jáde. Mo ní, “Bàbá, ẹ sinmi lónìí. Kò sí ohun tó kù tí ẹ kò mọ̀ nínú ìjàkadì.” Ẹ yọ pákò kúrò lẹ́nu. Ẹ ní, “Ajíbóyè, ara a máa gbàgbé. Àràárọ̀ là ń rán an létí.” Ẹ ti pákò bọnu padà, ẹ sì ní kí n dì yín mú. Mo dì yín mú. N kò mọ ìgbà tí mo bá ara mi lórí ilẹ̀.

Ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ìṣubú ni yóò kọ́kọ́ kọ́. Odidi ìgbà òjò ni mo fi ń ṣubú kí ẹ tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Mo ṣubú sẹ́yìn, mo ṣubú síwájú, mo fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú. Àwọn obìnrin tó ń lọ sódò a máa kí wa pé, “Ẹ kú ìṣubú o!” Wọn a máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ̀yin náà a sì dá wọn lóhùn pé, “Ọ̀ọ̀, ẹ kú ìdúró! Ẹ rọra o, ọ̀nà odò ń yọ̀.” Ní ọjọ́ kan ọ̀kan nínú wọn yọ̀ lóòótọ́, ìkòkò rẹ̀ fọ́ yángá. Láti ọjọ́ náà ni ìkíni ti dín kù.

Òfin kan ni ẹ fi lé wa lọ́wọ́ tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú: ẹni tó bá dá ẹnìkejì rẹ̀, òun ni yóò nawọ́ gbé e dìde, òun ni yóò sì gbọn iyanrìn kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lé ẹni tó lágbára jù nínú wa lọ sílé nítorí pé ó dá ọmọ kan tó sì yí ẹ̀yìn sí i. Ẹ kò gbà á padà títí ó fi lọ bẹ ọmọ náà níwájú ìyá rẹ̀. Ẹ sì máa ń sọ pé, “Ọrùn ẹni tó ń bínú ló rọrùn jù láti dì mú.” Èmi ni ẹ máa ń sọ ọ́ fún jù. Ẹ forí jì mí lónìí, Bàbá. Ọrùn mi nìyí, kí ẹni tó bá fẹ́ wá dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ náà ṣe di ilẹ̀ ìjàkadì, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti di adití. Nígbà tí abúlé yìí ṣì jẹ́ tuntun, àwọn tí ogun tú ká láti oríṣiríṣi ìlú ni wọ́n kóra jọ síbí. Kálukú gbé ìbínú ìlú rẹ̀ dání. Ní ọjọ́ kan, agbo ilé méjì jà sí ààlà oko. Àdá jáde. Ọ̀kan ti wà lókè tí kò kù ju kó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Bàbá Àlàdé wọ àárín wọn pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, wọ́n ní, “Ẹ fi irin sílẹ̀! Kí ọkùnrin kan jáde níhìn-ín, kí ọ̀kan jáde lọ́hùn-ún. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, kí ilé rẹ̀ yẹ̀ fún èkejì.” Wọ́n jà á lórí ilẹ̀ ahoro kan tó wà nítòsí. Ẹnì kan ṣubú. Bàbá Àlàdé kò kúrò níbẹ̀ títí ẹni tó borí fi nawọ́ gbé ẹni tó ṣubú dìde.

Baálẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n ti sùn báyìí, kó gbogbo ènìyàn jọ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ní, “Ilẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ro ó. Kí ẹnikẹ́ni má gbin nǹkan kan sí i. Níbí ni a ó ti máa parí ìjà.” Wọ́n sì ní kí Bàbá Àlàdé máa tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà ogun ti lọ, ogun ti bọ̀, a ti gbọ́ ìró ìbọn láti ìhà gbogbo, ṣùgbọ́n ọmọ abúlé yìí kò tíì fi àdá ṣá ọmọ abúlé yìí.

Ta ni ó ṣubú ní ọjọ́ náà? Ẹ̀yin Baálẹ̀ wa, tí ẹ jókòó sábẹ́ igi yẹn pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀yin ni. Orí yín ni àdá náà wà lókè rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ilẹ̀ yẹn ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa jẹ Baálẹ̀ lónìí, a kì bá sì rántí orúkọ yín.

Báyìí òwú ti dé. Àwọn oníṣòwò ń ti ọ̀nà Abẹ́òkúta bọ̀, wọ́n ní àwọn òyìnbó etí òkun kò rí òwú tó wọn. Gbogbo ènìyàn ń wá ilẹ̀ bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. A kò tíì gbẹ́ ibojì Bàbá tí Baálẹ̀ fi ránṣẹ́ pe Oyèdélé, àkọ́bí Bàbá. Wọ́n jọ jẹ obì, wọ́n jọ pín ilẹ̀ ìjàkadì sí méjì, apá kan fún Baálẹ̀, apá kan fún Oyèdélé. Wọ́n rán àwọn ọlọ́kọ́ wá. Àwa ọmọ ẹ̀kọ́ bá wọn níbẹ̀, a dúró síwájú ọkọ́, ebè kan kò sì dìde. Baálẹ̀ dé, wọ́n ní, “Ta ni yín? Ọmọ ẹ̀kọ́ kì í jogún.” Oyèdélé ní, “Ajíbóyè, ṣé bàbá tìrẹ ló kú ni, àbí tèmi?” Mo ní, “Tiyín ni, ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì mí bá yín.” Baálẹ̀ ní kí a sin òkú tán, kí a jẹun tán. Wọ́n ní lọ́la, lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ́ ń padà bọ̀.

Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́! Àwọn àgbà tó kù ń wo ilẹ̀. Nígbà tí ikọ́ dá yín dùbúlẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́, Bàbá, àwa la ń pọn omi, àwa la ń dá iná sí yàrá yín. Baálẹ̀ kò yọjú. Lónìí itan ẹran tó tóbi jù ló wà níwájú wọn. Ẹ jẹ ẹ́, Baálẹ̀. Kó má há yín léyín.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ níwájú òkú. Oyèdélé sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi ní ọjọ́ tí àwọn ọlọ́kọ́ wá. Ó ní, “Ilẹ̀ yẹn ló gba bàbá mi lọ́wọ́ mi láti kékeré. Kí ló dé tí n kò ní gba nǹkan padà lọ́wọ́ rẹ̀?” Bàbá, mo ń bínú sí ẹ̀yin náà. Ẹ mọ ẹsẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa fi ń yẹ̀, ẹ kò mọ ohun tó ń dun ọmọ tiyín. Ẹ sì rí òwú tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ pe ìpàdé, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo àgbà tún ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ àkọ́kọ́ sọ níṣojú wa. Ẹ ní, “Wọ́n mọ̀.” Lóòótọ́ ni, Bàbá, wọ́n mọ̀. Mímọ̀ kò dá ọkọ́ dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi Oyèdélé, ilé Bàbá, iṣu inú àká wọn, oko wọn tó wà lẹ́bàá odò, tiyín ni. Kò sí ẹni tó ń bá yín dù ú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìjàkadì kò sí nínú ogún, nítorí Bàbá kò ní in rí. Wọ́n kàn ń gbá a ni.

Ẹ̀yin Baálẹ̀, ẹ ní lọ́la. Ó dára, a gbọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí yóò mú àdá wá, nítorí ẹni tó kọ́ wa kò mú un rí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rán àwọn ọlọ́kọ́ jáde, ẹ kọ́kọ́ béèrè nínú agbo ilé yín ibi tí Adégún, àbíkẹ́yìn yín, ń gbà lọ ní ìdájí. Ó ti ń bá wa kọ́ ìjàkadì láti ìgbà ìkórè iṣu. Ó ti ní kí a má sọ, a kò sì sọ. Lánàá ó wá bá mi níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ó ní, “Kọ orúkọ mi sí i. Kí bàbá mi gbọ́ ọ láàárín èrò, kí wọ́n má bàa sọ pé wọn kò gbọ́.” Mo ní, “O ò bẹ̀rù?” Ó ní, “Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Kọ ọ́.”

Mo ti kọ ọ́. Nínú àwa ọmọ ẹ̀kọ́ tó ń gbá ilẹ̀ náà níkọ̀ọ̀kan báyìí, òun ló kàn lọ́la. Òun ni àwọn ọlọ́kọ́ yín yóò kọ́kọ́ bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wo ibi tí ẹ ó ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ebè.

Àkànjí, a-dá-ni-má-ṣe-ni-léṣe, ilé ti yá. Ẹ bá wa kí àwọn tó ti lọ ṣáájú. Bí ariwo bá sọ lọ́la, ẹ má dìde nítorí àwọn ọlọ́kọ́. Ẹ sùn re o, Bàbá. Àwa wà níbẹ̀.