Ìbora tí Ṣàkírát Fi Ìró Ìyá Rẹ̀ Rán

Àwọn tó ń ra ìbora tí wọ́n fi àjákù aṣọ rán pọ̀ lọ́wọ́ Ṣàkírát ní Okokomaiko kì í rí èyí tó kọ́kọ́ rán. Inú àpótí ló wà. Ọwọ́ ló fi rán an, lọ́dún tí ìyá rẹ̀ kú.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìbà nígbà náà. Ọ̀gá rẹ̀ kò tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, àwọn mọ̀lẹ́bí pín ẹrù olóògbé. Wọ́n kó àwọn aṣọ tó dára lọ, èyí tó ti gbó ló kù fún òun àbíkẹ́yìn. Kò lè wọ̀ wọ́n, kò sì fẹ́ kí wọ́n di aṣọ ìnulẹ̀. Ló bá mú sísọ́ọ̀sì, ó gé gbogbo wọn wẹ́wẹ́, ó sì ń rán wọn pọ̀.

Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é. Igun kan gùn ju ìyókù lọ. Ó rán ànkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ òfì tó nípọn, ibẹ̀ sì hunjọ. Kò fọ àdìrẹ kó tó gé e. Nígbà tó fọ ìbora náà, aró ṣàn sára léèsì funfun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Yínúsà, tó ń tún rédíò ṣe ní Àlàbá, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ṣàkírát, aṣọ ìyá wa lo gé bí ẹni rẹ́ ilá yìí?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ máà bínú. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣì wà lára mi ni."

Yínúsà bá tirẹ̀ lọ. Ọdún méjì gbáko ni kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìbora náà mọ́. Bí iṣẹ́ ṣe ń yé Ṣàkírát sí i ló ń rí i pé òun ti ba nǹkan jẹ́ lóòótọ́. Ó ní lọ́jọ́ kan òun á tú u, òun á tún un rán. Ọdún méjìdínlógún kọjá.

Lójò ọdún yìí, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Yínúsà lẹ́sẹ̀. Kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ló bá wá sinmi lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òtútù mú un, àwọn ìbora ilé sì tutù lórí okùn. Ṣàkírát rò ó títí, ó ṣí àpótí, ó fi ìbora àtijọ́ náà bò ó.

Yínúsà ń fi ìka tọ ojú ìrán náà. Ó dúró lórí ànkárá aláwọ̀ ewé kan.

"Èyí ni ìyá wa ró lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi lọ síléèwé. Mo di etí rẹ̀ mú, mo ń ké. Tíṣà ló já ọwọ́ mi kúrò."

Wọn ò tíì bí Ṣàkírát nígbà náà. Ó jókòó tì í.

"Èyí ńkọ́?"

Ó ń tọ́ka, Yínúsà ń sọ. Àwọn kan wà tí òun náà kò rántí mọ́.

"Mo ti fẹ́ tú u tipẹ́," Ṣàkírát ní, "kí n tún un rán dáadáa."

"Fi í sílẹ̀ jàre. Àwọn aṣọ rere tá a pín yẹn, ta ló ṣì ní ọ̀kan lára wọn? Èmi tí mo bínú sí ẹ, mi ò mọ ibi tí tèmi wọlẹ̀ sí."

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, ó ní kí Ṣàkírát di ìbora náà mọ́ ẹrù òun.

"Rárá o, bọ̀ọ̀dá mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ mọ ilé."

Yínúsà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá.