Ìyàwó Tó Kọ́kọ́ Bímọ

Mo rántí ìgbà tí ìjókòó di ìyà fún mi. Ọdún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì ni, ìmọ̀ ìtàn ni mò ń kà, ó sì ń ṣe mí bíi pé gbogbo ẹgbẹ́ mi ti wọkọ̀ lọ tí wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ ní gáréèjì. Ní ẹ́sítéètì tí à ń gbé ní Ìkòròdú, ọmọ aládùúgbò wa kan ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, èkejì ń kọ́ iṣẹ́ amòfin. Ìyá mi á sọ fún àwọn èèyàn pé mo wà ní yunifásítì, wọ́n á sì tètè yí ọ̀rọ̀ padà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí mò ń kà. Bàbá mi, tí wọ́n máa ń jáde lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, kò fi tiwọn pa mọ́. "Àwọn tó ti kú ni wọ́n ń kọ́ ẹ nípa wọn," ni wọ́n máa ń wí. "Èwo nínú wọn ló máa wá gbà ẹ́ síṣẹ́?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Mo fẹ́ parí kíákíá, kí n wá nǹkan gidi ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tí nǹkan gidi ọ̀hún jẹ́.

Ìkánjú yìí ló jẹ́ kí n mú ìtàn ẹbí ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́ fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ṣì wà láàyè, ọ̀rọ̀ kì í sì í tán lẹ́nu wọn. Mo rò pé kí n kàn jókòó tì wọ́n, kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ, ó parí. Ọmọdé ò mọ ogun, ó ní kógun ó wá.

Ìtàn tí wọ́n sọ fún mi kò ta kókó. Nígbà tí àwọn ará Èkó kan bá ọba wọn ṣí kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́yìn ogun, baba ńlá wa wà nínú ọkọ̀ ojú omi náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ tí kò tíì bímọ. Nígbà tó dé Ẹ̀pẹ́, ó fẹ́ ìyàwó kejì, ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá nílẹ̀. Àwọn méjèèjì bímọ ọkùnrin. Ọ̀dọ̀ ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ làwa ti ṣẹ̀ wá. "Tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ bí," ni ìyá àgbà wí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé olórí ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣaláìsí ni, pé ìdílé àkọ́bí ló máa ń jẹ ẹ́ nílé wa, àti pé àbúrò ìyá àgbà ọkùnrin ti ń dá agbádá sílẹ̀ dè é.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi dá a padà. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ìdílé kejì ńkọ́? Inú bí mi gan-an. Mo tún gba ọ̀nà Agbowa padà sí Ẹ̀pẹ́, mo ń kùn lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Bàbá arúgbó kan ní ìdílé kejì gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó kejì ló kọ́kọ́ bímọ. "Ìyá àgbà ẹ mọ̀," ni wọ́n fi kún un. Mo wá kọ ìtàn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ní ìwádìí kò tíì fi èyí tó jẹ́ òótọ́ hàn.

Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́ pé mo ti parí, wọ́n ní kí n wá kà á sétí àwọn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, wọn ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èrò burúkú kan wọ̀ mí lọ́kàn: mo lè ka ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún wọn ní Yorùbá, kí ìwé máa sọ tiẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Ìyá àgbà nìkan ni kì í fi ẹ̀kọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ẹbí. Mo fẹ́ràn wọn, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má di ọ̀tá wọn.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdí mi ò gbé àga.

"Kí ló dé tí ò ń ta bí ẹja tó já sínú ọkọ̀?" ni wọ́n bi mí. "Kà á, jàre."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ bímọ, mo gbójú sókè, mo rí bí wọ́n ṣe tẹ́tí sílẹ̀, irọ́ náà sì kọ̀, kò jáde. Mo ka méjèèjì bó ṣe wà. Ìka wọn dúró lórí tẹ̀súbáà.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Mo tún un kà. Mò ń retí èébú.

"Kò pé," ni wọ́n wí. "Àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tó bímọ, kò sí omi ọmú. Orogún rẹ̀ ló gbé ọmọ náà mọ́ tiẹ̀ tó ń fún lọ́mú tẹ́lẹ̀, ló ń fún àwọn méjèèjì. Ìyá mi ló sọ fún mi. Tó o bá kọ ìtàn yìí tí o ò kọ ìyẹn, o ti ṣẹ obìnrin yẹn."

Obìnrin tó ti ń fún ọmọ tiẹ̀ lọ́mú kí wọ́n tó bí tiwa, òun ló kọ́kọ́ bímọ nìyẹn.

"Ìyá àgbà, tí mo bá kọ èyí, àbúrò yín ò ní jẹ olórí ẹbí o."

"Mo mọ̀. Wàláì, mo mọ̀." Omi ti kún ojú wọn. "Kọ ọ́."

Nígbà tí ẹbí pàdé, ìyá àgbà fúnra wọn ló tún un sọ. Ìdílé kejì ló jẹ olórí ẹbí, àbúrò wọn kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ títí ọdún iléyá fi dé, tí ẹran àgbò bá wọn parí ìjà.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọgbà àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú kò bá ìtàn tan rárá, bàbá mi sì máa ń rán mi létí. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí mo bá ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àyà mi á ṣàdédé já. Ká ní mo ka irọ́ yẹn sí wọn létí lọ́jọ́ náà ni, inú wọn ì bá dùn, wọn ì bá gbàdúrà fún mi, wọn ì bá sì dákẹ́. A kì bá tí mọ̀ láé ẹni tó fún ọmọ yẹn lọ́mú.