Bí Elwood Tingle Ṣe Lọ Kọ́ Ìbọn Yíyìn Lọ́dọ̀ Maxine

Ní apá ìsàlẹ̀ Delaware tí à ń gbé yìí, tí wọ́n bá ń wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ débi gbogbo, ilé Elwood Tingle ni kí wọ́n yà sí. Bíríkìlà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti lé láàádọ́rin ọdún, ọgbà wáyà kan ṣoṣo ló sì la ilé òun àti tèmi láàárín. Àtẹni tó fẹ́ gbọ́ àtẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ló máa ń sọ fún pé òun ti ń yìnbọn kí eyín òun tó pé lẹ́nu.

Wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ sí èjìká rẹ̀ ọ̀tún. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ìdí ìbọn gígùn lé e mọ́ láéláé. N kò mọ ẹni tó lọ sọ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àmọ́ kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí àwọn adìyẹ Elwood lọ́sàn-án gangan. Elwood á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣépè. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á jókòó sórí koríko, á máa wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Ló bá ní òun máa ra ìbọn ìléwọ́, èyí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú èjìká.

Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kip Pusey tó ń ta ìbọn. Kip gbé ọ̀kan kalẹ̀ kó wò ó, inú Elwood dùn, ó ti fẹ́ sanwó.

"Bàbá, ìwé àṣẹ yín dà?" ni Kip wí.

"Ìwé àṣẹ wo? Ìwé ìwakọ̀ mi rèé."

"Ìyẹn kọ́, sà. Òfin tuntun ti dé sí ìpínlẹ̀ wa. Kí ẹ tó ra ìbọn ìléwọ́, ẹ máa lọ sí kíláàsì, ẹ máa yìnbọn níṣojú olùkọ́, ẹ máa tẹ̀ka fún ìjọba, wọ́n á sì yẹ̀ yín wò bóyá ẹ ò ṣẹ̀ sófin rí. Tí wọ́n bá ti fún yín níwèé, ẹ padà wá. Ìbọn gígùn lẹ lè rà láìsí ìwé yẹn."

"Èjìká mi ò gbà á."

"Òfin ò béèrè èjìká yín, Bàbá."

Elwood fẹ̀yìn ti káńtà. "Kip, ta ló kọ́ bàbá rẹ bí wọ́n ṣe ń yin pẹ́pẹ́yẹ níbọn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló wá fẹ́ kọ́ èmi? Ta ní í kọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe ń gungi?"

Kip wúkọ́. Ó ní olùkọ́ kan wà ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọdẹ lọ́jọ́ Sátidé, pé ó mọ̀ ọ́n kọ́. Kò dárúkọ olùkọ́ náà. Mo rí i tó ń gé ètè jẹ, mo ṣe bí eyín ló ń dùn ún.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi náà tẹ̀ lé e, nítorí kò sóhun tí mo ń ṣe nílé tó lè dùn ju ìyẹn lọ. Bá a ṣe wọlé, obìnrin kan kẹ̀yìn sí wa, ó ń kọ nǹkan sójú pátákó. Elwood dúró gbagidi. Ó mọ ẹ̀yìn yẹn. Maxine ni, ìyàwó tó ti fẹ́ kí wọ́n tó túká. Lọ́jọ́ tí Maxine kó jáde, àpótí méjì àti ajá wọn ló mú lọ, ajá yẹn ló sì ká Elwood lára jù.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Tingle," ni Maxine wí. "Àga iwájú ṣófo."

"Ẹ̀yìn tẹ́ mi lọ́rùn."

"Etí yín kan ò gbọ́ràn dáadáa. Ẹ bọ́ síwájú."

"Ẹ" tó ń bá a sọ yẹn, kò bá a sọ ọ́ rí nígbà tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Ó kọ́ wa pé ká ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, ká má sì fi ìka sí ibi tá à ń fà àfi tá a bá ti ṣe tán láti yìn ín. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìpamọ́, ó yíjú sí iwájú.

"Níbo lẹ máa ń fi ìbọn yín sí, Ọ̀gbẹ́ni Tingle?"

"Ibi tó pamọ́ ni."

"Ibo ni ibẹ̀?"

Elwood kùn nínú pé ẹ̀yìn fíríìjì ni.

"Mo mọ̀," ni Maxine wí. "Èmi ni mo máa ń gbálẹ̀ níbẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, a jáde sẹ́yìn gbọ̀ngàn láti yìnbọn. Bébà kálukú wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elwood ni Ìyáàfin Lavinia Wharton tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé. A yìn, ó parí, Maxine lọ wo àwọn bébà. Ti Elwood mọ́ tónítóní bí aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí okùn. Ti Lavinia lu jára.

"Ìyáàfin Wharton, ihò ara bébà yín ju ọta tí mo fún yín lọ."

"Olúwa ló ràn mí lọ́wọ́," ni Lavinia wí, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Elwood ń wo sánmà. Maxine súnmọ́ ọn, "ẹ" sì ti fò lọ lẹ́nu rẹ̀.

"Elwood, awò ojú rẹ dà?"

"Ó wà nínú ọkọ̀."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń sinmi."

Maxine kò fún un ní ìwé pé ó yege. Bá a ṣe ń padà bọ̀, Elwood mú awò rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. Ó wá ní, "Ó sọ òótọ́. Ó tó ọdún mélòó kan tí n kò rí nǹkan dáadáa. N ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni."

Sátidé kejì, ó gbé awò sójú láti ilé, ó jókòó síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó yìn, ó ba bébà tirẹ̀. Maxine fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Elwood ní, "Ẹ ṣé, olùkọ́," ni Maxine bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ìgbà tó ti kó kúrò ládùúgbò wa. Ìka títẹ̀ ló tún fẹ́ dá a dúró, torí sìmẹ́ǹtì ti jẹ orí ìka rẹ̀ dan, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kà. Wọ́n ní kó lọ máa fi ìpara ra á, kó padà wá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé àṣẹ dé nígbà tó yá, ó sì ra ìbọn náà lọ́dọ̀ Kip.

Inú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé e sí báyìí. Lọ́jọ́ tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọ́kọ́ padà wá, kí Elwood tó wá awò, kó wá kọ́kọ́rọ́, àgbébọ̀ kan ti lọ. Maxine gbọ́, ó wá wo ilé adìyẹ fúnra rẹ̀, ó ní ihò tó wà nísàlẹ̀ wáyà yẹn, ajá gan-an lè gbabẹ̀ wọlé. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n dí i. Láti ìgbà yẹn, Maxine máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ìhín ọgbà, tí wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí omi ọbẹ̀ adìyẹ, bóyá ó pọ̀ jù àbí kò tó. N kò béèrè ohun tí wọ́n ń pe ara wọn.